Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Sí I

Ẹni tó bá ní òun ò ṣe kì í bà mí nínú jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn: màá dúpẹ́, màá rán wọn létí pé kí wọ́n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣeré, màá sì bá tèmi lọ. Ẹni tó ń já mi láyà ni ẹni tó ti gbà kí n tó sọ̀rọ̀ débì kan. Màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kí wọn, “Ẹ kú ilé o, Bàbá, láti ilé ìwòsàn la ti wá,” wọn á ti na àtàǹpàkò sí mi pé kí n mú tàdáwà wá.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni pé kí n wá àwọn tí yóò kópa nínú ìwádìí oògùn fún àìsàn kíndìnrín, èyí tó máa ń wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń gbé mi dé Ìkéré, Ìyìn, Ìgèdè, Ìjerò, nígbà mìíràn títí dé Ìkọ̀lé. Mo gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí àwọn èèyàn wa wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Mo sì gbà, bí mo ṣe gba ìyẹn gan-an, pé ẹni tí kò láàyè láti sọ pé rárá kò tíì gbà.

Àìsàn kíndìnrín kì í pariwo. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà nira nìyẹn. Ẹni tí ibà ń ṣe mọ̀ pé ibà ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n agbára kíndìnrín èèyàn lè ti dín sí ìdajì kí onítọ̀hún má mọ nǹkan kan. Á jí, á lọ sóko, á gún iyán fún àlejò, á jó níbi ìsìnkú àgbà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ojú ń wú láàárọ̀, tí òórùn ọbẹ̀ ń rí wọn lára, tí èémí ò délẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ti ń di ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á wo ìwọ̀n creatinine inú rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí kan tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dànù, wọ́n á fi ṣírò nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní eGFR, èyí tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Tí nọ́ńbà náà bá wà nísàlẹ̀ 60 fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tàbí tí purotéènì bá ń jò sínú ìtọ̀ fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ti ń ṣàìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń fà á jù. Nítorí náà, ẹni tí a ń wá gan-an ni ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le. Mo máa ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù iṣu kalẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń bàjẹ́ nínú wọn. Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, “Ta ni? Èmi?”

Asẹ́ ògì ni mo fi máa ń ṣàlàyé kíndìnrín, nítorí kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ní Ìgèdè, Màmá kan ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun bo ẹnu ike ńlá, wọ́n ń bu omi sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ rò ó kiri. Ògì ń bọ́ sísàlẹ̀, èèrí ń ṣẹ́ kù lókè. Mo ní, “Màmá, bí kíndìnrín yín ṣe ń ṣe ẹ̀jẹ̀ yín nìyí.” Wọn ò dáhùn. Wọ́n fún èèrí náà títí omi inú rẹ̀ fi tán, wọ́n gbọ̀n ọ́n sínú abọ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ewúrẹ́, kí wọ́n tó gbójú sókè: “Ọmọ mi, èmi, ohun tó bọ́ sísàlẹ̀ ni mò ń tà. Ti inú ara ńkọ́? Èwo ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀?” Mo ní ti òkè lara ń fẹ́, ti ìsàlẹ̀ ni à ń tọ̀ dànù. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé tí aṣọ bá ya, ohun tí ara ń fẹ́ ló ń bá ìtọ̀ lọ.”

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Purotéènì inú ìtọ̀ ni wọ́n ṣàlàyé yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀: ta ló ya aṣọ náà, ṣé ẹ lè rán an, ṣé oògùn tẹ́ ẹ gbé wá yìí ń rán an ni àbí ó kàn ń jẹ́ kí ó má ya síwájú mọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, àwọn tó kàwé gan-an kì í sábà bi mí. Mo sì sọ òtítọ́ fún wọn: èyí tó ti ya, oògùn tí a ń yẹ̀ wò kò lè rán an. Kí ìyókù má tètè ya ni a ń wá.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò fi dúró kí àwọn òyìnbó dán oògùn wò tán, kí wọ́n kàn kó o wá. Èsì mi rèé. Ní 2020, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, DAPA-CKD, lórí oògùn dapagliflozin tí wọ́n ti ń lò fún àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Èèyàn 4,304 ló kópa, ní orílẹ̀-èdè 21. Oògùn náà dáàbò bo kíndìnrín débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú ìgbà tó yẹ kó parí, nítorí èrè rẹ̀ ti hàn kedere. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo nínú àwọn 21 náà. Ní 2022, ti EMPA-KIDNEY jáde, lórí empagliflozin: èèyàn 6,609, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Áfíríkà ò tún sí níbẹ̀. Mi ò sọ pé àwọn oògùn náà ò ní ṣiṣẹ́ lára wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti rí èsì ohun tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ó sì kàn wá jù bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé ẹ̀dà méjì kan lára APOL1, ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí èèyàn ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tí wọ́n sọ lórúkọ G1 àti G2, máa ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Àárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ sí. Wọ́n gbà pé ó gbèrú láàárín àwọn baba ńlá wa nítorí pé ó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ohun tó gbà wọ́n ló padà ń yọ àwa lẹ́nu. Ìwádìí tó jáde ní 2024, tí wọ́n ti yẹ èèyàn tó lé ní 8,000 wò ní Gánà àti Nàìjíríà, fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jogún ẹ̀dà náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àti pé ẹni tó jogún ẹyọ kan pàápàá, ewu rẹ̀ lé díẹ̀. Oògùn tó dojú kọ APOL1 gan-an sì ti ń bọ̀. Ní 2023, àbájáde ìwádìí kékeré kan lórí inaxaplin jáde: láàárín ọ̀sẹ̀ 13, purotéènì inú ìtọ̀ àwọn tó lò ó dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àjèjì níbi ìwádìí. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, láti ya àwòrán bí jíìnì ọmọ aráyé ṣe yàtọ̀ síra, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára ẹ̀yà mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Títí dòní, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lo ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yẹn. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí pé a wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ìmọ̀, a sì di àwátì nígbà tí wọ́n ń dán oògùn wò.

Nítorí náà, mo ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ààfin la kọ́kọ́ máa ń dé. A ó kí Kábíyèsí, a ó ṣàlàyé ohun tí a bá wá fún àwọn ìjòyè, a ó kàn sí Ìyálọ́jà. Bó ṣe yẹ kó rí ni, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fo ìgbésẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àṣẹ Kábíyèsí ṣí ẹnu ọ̀nà ìlú fún wa. Kò ṣí iṣan ẹnikẹ́ni. Ìlànà tí orílẹ̀-èdè yìí gbé kalẹ̀ fún ìwádìí ìlera ní 2007 sọ ọ́ kedere pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gbà fún ara rẹ̀. Tí ìjòyè kan bá wá ní “Gbogbo yín, ẹ tò síbí, Kábíyèsí ti fọwọ́ sí i,” ìgbà yẹn ni iṣẹ́ mi ń le sí i.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń bà á jẹ́ ni “ọ̀fẹ́.” Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kéde fún wa: ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Tí wọ́n bá ti fi ìyẹn pe èèyàn jáde, ohun tí wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu mi kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bá wá, bó ti wù kí n ṣàlàyé tó.

Kí ló ń mú kí èèyàn gbà kíákíá? Ọ̀wọ̀ ni, lọ́nà kan. Ní Èkìtì, a ka ìwé sí gan-an. Kò sí agboolé tí kò fẹ́ tọ́ka sí ọmọ tó kàwé. Tí ẹni tó kàwé bá wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, àgbàlagbà á ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe.” Lọ́nà kejì, ìbẹ̀rù ni. Obìnrin kan ní Ìjerò ló là á mọ́lẹ̀ fún mi lẹ́yìn tí a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ́. Ohun tó ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé tí òun bá kọ̀, ṣé wọ́n á ṣì fún òun ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ tí òun bá mú káàdì òun dé? Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ọ́. Ẹni tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ kùtù títí di ọ̀sán láti rí dókítà mọ ibi tí agbára wà.

Mo ti wá fara mọ́ àwọn ìlànà kan tí mi ò ń yẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú wọn kọ́ ló ń sọ fún wọn nípa ìwádìí. Èmi ni, mi ò sì lọ́wọ́ sí káàdì ẹnikẹ́ni. Mi ò ń gba ìka lọ́jọ́ kan náà. Fọ́ọ̀mù ń bá wọn relé. Tí mo bá padà, mi ò ní bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?” torí bẹ́ẹ̀ ni lèsì ìyẹn nígbà gbogbo. Màá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó yín, kí n máa gbọ́.” Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Bàbá kan sọ fún ìyàwó wọn níṣojú mi pé ìjọba fẹ́ fún àwọn ní oògùn tó ń wo kíndìnrín sàn pátápátá, àwọn á sì máa gba owó lóṣooṣù. Owó ọkọ̀ ni mo sọ. A tún jókòó, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó le jù láti ṣàlàyé ni pé àwọn kan yóò gba oògùn gidi, àwọn kan yóò gba èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan nínú. Kọ̀ǹpútà ló ń pín in, dókítà pàápàá ò sì mọ ẹni tó gba èwo títí ìwádìí á fi parí. Mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ìpàdé kan ní Ìyìn gbà á lẹ́nu mi. Wọ́n ní, “Tó bá jẹ́ dókítà ló ń yàn án, ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa fún lójúlówó. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàn án.” Gbogbo ilé dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mọ ìlú tí à ń gbé. Mo wá fi kún un pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí oníkálukú ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní dúró, ẹ̀gbẹ́ yòówù kí kọ̀ǹpútà pín wọn sí.

Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, a ò lè fi ọwọ́ bò ó. Tí mo bá yọ abẹ́rẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ àwọn afẹ̀jẹ̀ṣowó ló máa ń sọ sí wọn lọ́kàn. Mo máa ń fi ìgò kékeré náà hàn wọ́n pé kò gbà ju ṣíbí tíì méjì lọ, pé nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe orúkọ wọn, mo sì ń sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Èyí tí wọ́n ń bi mí nípa Kánò ló gba àkókò jù. Ní gáréèjì kan ní Adó, awakọ̀ kan dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ṣé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Kánò?” Mi ò ní kó jókòó. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: pé ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ 200 ló wà nínú ìwádìí náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, ọmọ 11 ló sì kú ní ìhà méjèèjì. Àwọn ìdílé sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ sì wà nílẹ̀ títí di 2009, tí ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là láti parí rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un ohun tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí báyìí, àti ibi tó lè lọ fi ẹjọ́ sùn tí mo bá fi dù ú. Ó gba fọ́ọ̀mù kan. Ó wà nínú ìwádìí náà títí di òní, kò sì pa ìpàdé jẹ rí.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn tó ń bá mi jà níbẹ̀rẹ̀ ló ń dúró. Àwọn tó mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni fóònù wọn kì í lọ mọ́ lẹ́yìn ìbẹ̀wò kejì.

Ọmọ tó wà ní Èkó náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nílé. Màmá á ti jókòó, àlàyé á ti ń lọ dáadáa, fóònù á dún: “Màmá, ẹ má tẹ nǹkan kan o!” Àwọn kan lára ẹlẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ràn ìyẹn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Màá ní kí wọ́n gbé e sókè kí gbogbo wa máa gbọ́, kí ọmọ bi mí ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Òun ló máa ra oògùn tí nǹkan kan bá ṣe ìyá rẹ̀. Ó yẹ kó gbọ́ ọ. Àmọ́ tí ọmọ bá ti gbà, màá pa fóònù, màá tún bi Màmá fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ jíìnì tún ní tirẹ̀. Bàbá kan sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ọmọbìnrin òun ṣì wà nílé, òun ò fẹ́ kí wọ́n máa wí pé ìdílé òun ní àrùn kíndìnrín. Mo ní, “Bàbá, tó bá jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ní in, agboolé wo ló máa tọ́ka sí tiyín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọn ò gbà lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tún padà lọ bẹ̀ wọ́n.

Nípa àgbo àti oògùn ara ríro: mi ò ń bá ẹnikẹ́ni wí. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn ń pa kíndìnrín lára tó bá ti pọ̀ jù, àwọn àgbo kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwádìí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa wọn. Tí mo bá ní “Ṣé ẹ ń mu àgbo?” wọ́n á ní rárá. Tí mo bá ní “Kí lẹ máa ń lò tí ara bá ń ro yín láti oko?” wọ́n á wọlé lọ gbé ọ̀rá kan jáde, gbogbo rẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè ṣe é kó má dùn mí ni ká dá èèyàn padà. Kò sí ìwádìí tí kò ní ààlà. DAPA-CKD, àwọn tí eGFR wọn wà láàárín 25 sí 75 ni wọ́n mú. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà wá bá wa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Òun ló wá wa wá, a ò pè é. Àbájáde ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ti kọjá ibi tí ìwádìí wa lè gbà á. Ìyàwó rẹ̀ mú ìwé náà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè bá wa kọ nọ́ńbà mìíràn síbẹ̀ ni?” Mo sọ fún un pé oògùn yìí lè ṣe ọkọ rẹ̀ ní ibi ju ire lọ báyìí. A kọ lẹ́tà fún wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kíndìnrín. Fífọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ilé ìwòsàn wọn kan yóò dín owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kù láti 50,000 náírà sí 12,000. UCH ní Ìbàdàn wà lára wọn, ohun rere sì ni. Ẹ wá ṣírò owó ọkọ̀ láti Èkìtì sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Tí ẹnì kan bá ti yẹ ìtọ̀ ọkùnrin náà wò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ó wà lára àwọn tí a ń gbà.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹni tí mò ń dúró dè ni olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ní Ìkọ̀lé. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù lọ sílé, wọ́n sì fi báírò pupa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé. Wọ́n fa ìlà sí ìdí ohun méjì. Àkọ́kọ́: tí oògùn náà bá pa wọ́n lára, ta ni yóò sanwó ìtọ́jú wọn, títí di ìgbà wo? Ìkejì: tí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, tí ìwádìí sì parí, ṣé wọ́n á máa rí i gbà, àbí ọjà ni wọ́n á ti lọ máa rà á? Àwọn ìbéèrè yẹn kì í ṣe tuntun; Ìkéde Helsinki, tí àwọn dókítà àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ní 1964 tí wọ́n sì ti ń tún ṣe, mẹ́nu bà á. Èsì wọn sì wà nínú fọ́ọ̀mù wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó wà, nínú lẹ́tà wínníwínní, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ànfààní tí ìwádìí máa ṣe fún aráyé. Mo mú ìwé náà padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mi. Wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà ìwádìí, ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí i pé kí èsì méjèèjì bọ́ sí ojú ìwé kìíní, ní lẹ́tà gàdàgbà.

Mo mú fọ́ọ̀mù tuntun náà lọ fún Bàbá Olùkọ́. Wọ́n kà á tán níwájú mi, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní àwọn ò tíì fọwọ́ sí i o, ìyàwó àwọn ò tíì kà á. Mo ní kò sí wàhálà, màá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.